Aago 10 àárọ̀ lábẹ́ igi kajú: iṣẹ́ tí oyin ń ṣe kí kóró tó so

Wọ inú oko kajú ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti ràn dáadáa. Mú ṣírí òdòdó kan ṣoṣo, má wo òmíràn. Wàá rí i pé àwọ̀ òdòdó orí rẹ̀ kò dọ́gba. Àwọn kan funfun, ilà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára wọn. Àwọn kan ti pọ́n. Funfun ni èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Pupa ni èyí tó ti là láti ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn, tí omi dídùn inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Oyin tó bá dé kì í fi àkókò ṣòfò lórí pupa. Funfun ló ń wá kiri: á ki ẹnu bọ̀ ọ́, á fa omi inú rẹ̀, á tún fò sórí òmíràn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo funfun náà ló lè di kóró. Já méjì mẹ́ta sí àtẹ́lẹwọ́, kí o fi èékánná ya ewé òdòdó 5 tó yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká kúrò. Bó bá jẹ́ akọ, ọ̀pá gígùn kan ni wàá rí tó yọ gàǹgà láàrín àwọn ọ̀pá kéékèèké mìíràn, àpò lẹ́búlẹ́bú (ìyẹ̀fun akọ tó ń mú kí òdòdó so) wà lórí rẹ̀, kò sì sí ohun tó jọ ọmọ èso ní ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ takọtabo, kókó kékeré kan wà ní ìdí, ọ̀pá abo tẹ́ẹ́rẹ́ yọ láti ara rẹ̀, ọ̀pá akọ tirẹ̀ sì kúrú sí i. Kókó kékeré yẹn ló ń di kóró kajú. Akọ ló pọ̀ jù lórí ṣírí. Takọtabo kéré púpọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí igi tí òdòdó bò láti òkè délẹ̀ kò fi tíì ṣèlérí ohunkóhun fún olóko.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí gígùn àwọn ọ̀pá wọ̀nyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pá gígùn ti akọ àti ọ̀pá abo ti takọtabo fẹ́rẹ̀ẹ́ ga dọ́gba. Ibi tí lẹ́búlẹ́bú bá ti kan oyin lára nígbà tó ń fa omi dídùn lórí akọ, ibẹ̀ náà ni orí ọ̀pá abo máa kàn nígbà tó bá bà lé takọtabo. Oyin ò mọ̀ pé òun ń ṣe iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ ló ń wá, àmọ́ ara rẹ̀ ṣe wẹ́kú pẹ̀lú òdòdó yìí.

Aago tí wọ́n ń là tún yàtọ̀ síra. Akọ ló ń kọ́kọ́ là, láti ìdájí títí di òwúrọ̀. Takọtabo ń bọ̀ lẹ́yìn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń là láàrín aago 10 sí aago 12 ọ̀sán. Àpò lẹ́búlẹ́bú náà kì í là ní kété tí òdòdó bá ṣí. Ó ń dúró kí oòrùn gbẹ ẹ́ díẹ̀. Nítorí náà, wákàtí mélòó kan ṣáájú ọ̀sán ni gbogbo nǹkan pé sójú kan: lẹ́búlẹ́bú ti jáde, takọtabo ti ṣí, orí ọ̀pá abo ṣì tutù tó ń gbà. Lọ́jọ́ kejì agbára rẹ̀ ti dín kù gan-an. Ohunkóhun tó bá lé oyin kúrò lóko láàrín àkókò yìí ti gba kóró lọ́wọ́ olóko, ìbáà ṣe oògùn apakòkòrò, èéfín iná pápá tàbí àìsí omi nítòsí.

Ẹnìkan lè béèrè pé, afẹ́fẹ́ ńkọ́? Wo àgbàdo. Bí o bá gbọn ìrùkẹ̀rẹ̀ orí rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú á fò bí eruku, afẹ́fẹ́ á sì gbé e dé orí irun àgbàdo tó wà ní ìsàlẹ̀. Gbọn ṣírí kajú, kò sí ohun tó máa fò. Lẹ́búlẹ́bú kajú lẹ̀, ó wúwo, ó ń fẹ́ ẹni tó máa gbé e. Èèrà náà ò rọ́pò oyin: ó ń rìn lórí ṣírí, ó ń lá omi dídùn, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń dán, ó sì kéré, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá kọjá láì kan orí rẹ̀. Èyí kò ní kí o pa èèrà pupa tó ń ran ewé pọ̀ ṣe ilé lórí igi. Iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀: ó ń lé kòkòrò tó ń fa oje ọ̀mùnú kajú. Tọkàntọkàn ni mo fi ń rọ àgbẹ̀ tó máa ń sun ilé wọn níná pé kó dẹ́kun rẹ̀.

Oyin ilé wa tí a mọ̀, èyí tó ń ṣe afárá tó sì ń ta ni, ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà nílẹ̀ Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀. Oyin kéékèèké tí kì í ta ni, tó ń gbé inú ihò igi àti ara ògiri, máa ń ràn án lọ́wọ́. Eṣinṣin àti agbọ́n máa ń bà lé òdòdó náà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe déédéé.

Ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Brazil, níbi tí kajú ti ṣẹ̀, oyin tí kì í gbé pọ̀ lágbo wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Centris. Abo kọ̀ọ̀kan ló ń kọ́ ihò tirẹ̀. Irú oyin yìí ń gba òróró lára òdòdó kan láti fi bọ́ ọmọ àti láti fi tẹ́ ilé, kajú kò sì ní òróró bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kó wà lóko kajú rẹ̀ níbẹ̀ ní láti gbin igi asẹrólà sí ìtòsí, torí òdòdó rẹ̀ ní òróró náà. A kò ní Centris níhìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá wa mu: oyin kan kì í jẹ òdòdó kajú nìkan yípo ọdún.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn tó ń ta irúgbìn kì í sábà sọ. Lẹ́búlẹ́bú igi kan lè mú kí òdòdó igi náà gan-an so, ṣùgbọ́n ìwádìí ní ìpínlẹ̀ Ceará ní Brazil fi hàn pé ọmọ èso tó wá láti inú lẹ́búlẹ́bú igi kan náà máa ń já bọ́ ju èyí tó gba ti igi mìíràn lọ. Níbi tí wọ́n bá ti gbin igi tí wọ́n lọ́ (tí wọ́n gé ẹ̀ka igi kan, tí wọ́n so ó mọ́ ìdí igi mìíràn kó lè dàgbà) láti ara ìyá kan ṣoṣo kún gbogbo oko, bí igba igi bá wà níbẹ̀, igi kan ni gbogbo wọn jẹ́ lójú òdòdó. Oyin á ṣiṣẹ́, èso á mú, á sì tún já. Oko tí a fi kóró gbìn kò ní ìṣòro yìí, torí kò sí méjì tó jọra pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ gbin èyí tí a lọ́, kó gba èyí tó wá láti ara ìyá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ó kéré tán, kó sì gbìn wọ́n ní ìlà ìlà kí wọ́n wọnú ara wọn. Kí wọ́n jẹ́ irú tó ń tanná lásìkò kan náà.

Bí kóró kò bá pọ̀ lóko, ọyẹ́ ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń dá lẹ́bi. Òótọ́ ni pé ọyẹ́ líle máa ń gbẹ òdòdó, tí ìkùukùu òwúrọ̀ sì ń mú kí ṣírí dúdú. Òótọ́ sì ni pé igi kò lè bọ́ gbogbo ọmọ tó bá mú. Á gbọn púpọ̀ dànù fúnra rẹ̀. Àmọ́ kí a tó dá ọyẹ́ lẹ́bi, ọ̀nà kan wà tí a lè fi mọ ẹni tó jẹ̀bi, owó tó sì ń ná kò ju ti àpò nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti òwú lọ.

Yan igi 5 tó lera, tí kò sí létí oko. Lórí igi kọ̀ọ̀kan, wá ṣírí 6 tí òdòdó wọn kò tíì là, tó wà ní gíga kan náà tí ọwọ́ rẹ lè tó. So òwú pupa mọ́ méjì, kí o fi wọ́n sílẹ̀ láìbò. So òwú funfun mọ́ méjì, kí o fi àpò nẹ́ẹ̀tì bò wọ́n kí oyin má lè wọlé. Fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbé nẹ́ẹ̀tì náà sókè kó má baà tẹ òdòdó, kí o sì wo inú rẹ̀ dáadáa bóyá èèrà tàbí kòkòrò ti wà níbẹ̀ kí o tó dì í. So òwú dúdú mọ́ méjì tó kù. Àwọn wọ̀nyí ni ìwọ fúnra rẹ máa ṣiṣẹ́ oyin lé lórí. Láràárọ̀ láàrín aago 10 sí 12, já òdòdó akọ funfun láti ara igi mìíràn, di ìdí rẹ̀ mú, kí o fi orí ọ̀pá gígùn rẹ̀ kan orí ọ̀pá abo gbogbo takọtabo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ṣe é pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń fi tìróò sójú ọmọ. Ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ka ọmọ kóró tó ti mú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí o tún kà á lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kíkà àkọ́kọ́ nìkan máa tàn ọ́ jẹ, torí púpọ̀ nínú ohun tó mú á já.

Bí òwú dúdú bá pọ̀ gan-an ju pupa lọ, oyin ò tó lóko rẹ. Bí dúdú àti pupa bá dọ́gba, tí méjèèjì sì pọ̀ ju funfun lọ, oyin rẹ tó; má náwó sórí ilé oyin fún ìdí yìí. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kéré, ọ̀rọ̀ náà kọjá oyin: wo ìdí igi fún ọ̀dá tàbí ilẹ̀ tó ti ṣá, wo ṣírí fún àrùn tàbí kòkòrò, wo bóyá igi ti fún mọ́ra jù. Kajú tí ẹ̀ka rẹ̀ ti wọnú ara wọn kì í tanná níbi tí oòrùn kò dé. Orí ténté nìkan ni òdòdó máa wà. Gé àwọn kan kúrò láàrín kí oòrùn tó wọ inú oko.

Ká ní oyin ló kù. Fún hẹ́kítà kan tí igi rẹ̀ ti dàgbà, fi ilé oyin 2 tàbí 3 bẹ̀rẹ̀, kí o tún ìdánwò òwú ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e kí o tó fi kún un. Ilé méjì tí oyin bo afárá mẹ́jọ nínú rẹ̀ sàn ju mẹ́fà tí oyin inú rẹ̀ kò tó nǹkan lọ, torí agbo tó kéré ń fi ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ tọ́jú ọmọ, díẹ̀ ló ń ránṣẹ́ jáde.

Àpótí onígi lórí, tí àwọn kan ń pè ní ti Kẹ́ńyà, ni ó rọrùn jù fún àgbẹ̀, torí káfíńtà àdúgbò lè kàn án. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ ṣìnà ni fífẹ̀ igi orí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí oyin máa so afárá mọ́ lábẹ́: mìlímítà 32, kó má dín, kó má lé. Bí oyin ilẹ̀ wa ṣe ń jìnnà síra láti afárá dé afárá nìyẹn. Bó bá fẹ̀ jù, wọ́n á fi afárá dábùú igi méjì mẹ́ta pọ̀, o ò sì ní lè gbé ẹyọ kan jáde láì fọ́ èkejì. Yọ́ ìda díẹ̀, kí o fi ṣe ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín igi kọ̀ọ̀kan kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Fi ìda àti ewé koóko ọba ra inú àpótí náà. Gbé e síta kí ẹ̀rùn tó wọlé, torí ìgbà náà ni oyin tó ti pọ̀ jù nílé máa ń pín, tí ìdajì á sì fò lọ wá ilé tuntun.

Gbé àpótí náà sórí ẹsẹ̀ tó ga tó mítà 1, sábẹ́ ibòji, kí ojú ọ̀nà rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ènìyàn ń gbà. Ti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ agolo tí òróró ẹ́ńjìnnì tó ti ṣiṣẹ́ tán wà nínú rẹ̀, kí o sì fi páànù kékeré bo orí agolo kí oyin má baà rì sínú rẹ̀. Gé koríko tó bá kan àpótí. Koríko kan ṣoṣo tó fara tì í ti di ọ̀nà fún ìjàlọ, òru kan sì ti tó fún ìjàlọ láti lé gbogbo agbo. Gbé àwo omi pẹrẹsẹ sí ìtòsí, kó òkúta sínú rẹ̀ kí oyin ríbi dúró mu. Nígbà ọyẹ́, ẹni tí kò bá fún oyin lómi máa rí wọn lórí ìkòkò omi aládùúgbò.

Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ gbé ilé oyin tó ti lágbo tẹ́lẹ̀ wá, òru ni kí o gbé e, lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti wọlé, ìgbà tí òdòdó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í là díẹ̀díẹ̀ ni. Bó bá ti ṣáájú òdòdó dé, wọ́n á ti mọ oko ẹlòmíràn. Má gbé e láti ibì kan sí ibòmíràn nínú oko kan náà ní mítà igba: àwọn tó bá jáde lárọ̀ á padà síbi àtijọ́, wọ́n á máa fò yíká ilẹ̀ òfìfo títí wọ́n á fi kú. Kó jìnnà ju kìlómítà 3 lọ, tàbí kó má ju ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan lọ lójúmọ́. Oyin wa gbóná lára. Kó jìnnà tó mítà 200 ó kéré tán sí ilé, sí ilé ìwé àti sí ibi tí wọ́n ń so ẹran mọ́, kí gbogbo ẹni tó ń roko mọ ibi tó wà.

Ọ̀rọ̀ oògùn apakòkòrò ló ń dùn mí jù. Kòkòrò kan wà tó jọ ẹ̀fọn ńlá, ọmọ ilé Helopeltis, tó ń fi ẹnu gún ọ̀mùnú àti ṣírí kajú. Ojú ibi tó gún á dúdú, ṣírí á gbẹ láti orí wá. Ìbẹ̀rù rẹ̀ tọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọ̀mùnú tuntun ń yọ ni ó yẹ kí a wá a kiri, kí a sì fọ́n oògùn ibi tí a bá ti rí i, ṣáájú kí òdòdó tó là. Àwọn tó ń dúró di ìgbà tí oko ti funfun báláú, tí wọ́n wá gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn ní aago 9 àárọ̀, ń da lambda-cyhalothrin tàbí imidacloprid lé àwọn tó wá bá wọn ṣiṣẹ́ lórí. Àmì rẹ̀ kì í farasin: òkú oyin jọ wìtìwìtì síwájú ilé wọn, ahọ́n wọn yọ síta, àwọn tó kù ń gbọ̀n, wọ́n ń yí bírí bírí nílẹ̀.

Bí fífọ́n bá di dandan lásìkò òdòdó, kó jẹ́ lẹ́yìn aago 6 ìrọ̀lẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀. Sọ fún ẹni tó ni oyin ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Kó fi àpò ìdọ̀họ tútù bo ẹnu ilé lálẹ́, kó sì ṣí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kí oòrùn tó mú. Ilé tí a tì pa títí di ọ̀sán ń gbóná: afárá á rọ̀, á wó lé ọmọ àti oyin lórí, wọ́n á sì kú sínú oyin ara wọn. Ẹ̀rọ tí a fi fọ́n oògùn apakoríko, ẹ má lò ó fún òdòdó bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó.

Láti ọjọ́ tí òdòdó bá ti gba lẹ́búlẹ́bú dé ìgbà tí kóró máa gbó tó nǹkan bí oṣù méjì. Kóró ló ń kọ́kọ́ dàgbà, tútù, ó sì tóbi. Ìdí èso tí à ń mu wú lẹ́yìn rẹ̀, kóró á wá sún kì, á le. Oyin tún máa ń padà wá lásìkò yìí láti fa omi èso tó ti ya. Omi yẹn kì í ṣe omi òdòdó, ó ń tètè kan, nítorí náà ẹni tó ń gé afárá fún títà, kó gé e kí èso tó bẹ̀rẹ̀ sí í já wọ́ọ́wọ́ọ́. Afárá tí oyin ti fi ìda dé ojú rẹ̀ pa ni kí a gé. Èyí tó ṣì ṣí sílẹ̀ ní omi púpọ̀ nínú.

Má kó gbogbo rẹ̀. Oṣù Òkúdù sí Ògún ni ebi ń pa oyin jù nílẹ̀ wa: òjò ń rọ̀, òdòdó kò pọ̀, ọ̀pẹ àti àgbàdo ni wọ́n fi ń rọ́jú. Agbo tí ebi bá pa kì í dúró kú, ṣe ni á kó lọ, ilé á sì ṣófo nígbà tí kajú bá tún tanná. Fi afárá oyin mẹ́rin tàbí márùn-ún sílẹ̀ fún wọn, kí o má sì fọwọ́ kan èyí tí ọmọ wà nínú rẹ̀. Bí o bá ń pa igbó létí oko lẹ́yìn òjò, fi ìlà ewé Akíntọ́lá kan sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, sí ẹ̀yìn ojú ọ̀nà tí o fi dènà iná: òun ló ń tanná ṣáájú kajú, òun ni oyin máa fi gbéra.